Báwo ni Àkàbà Ṣe Rí?

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Ìyá mi kékeré,

Mo kí ọ púpọ̀. Ṣé ara le? Ṣé òtútù ibẹ̀ kò tíì rí ọ gbé ṣe? Àwa níbí wà láàyè, ọpẹ́ ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ kí ọ. Ó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ lọ síbi tí kì í sọ fún mi, ó sì ń dé nígbà tó bá wù ú. Orúnkún mi náà kí ọ. Òun ló ń jí mi láràárọ̀ kí àkùkọ tó jí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti ọjọ́ méjì rèé tí mo ti gba lẹ́tà rẹ gbẹ̀yìn. Mo kà á. Má sọ fún mi pé o pè lórí fóònù. Fóònù kò bá etí mi ṣọ̀rẹ́ mọ́. Ohùn rẹ máa ń wá bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ há sínú páìpù, àfi kí ẹ̀gbọ́n rẹ máa pariwo ohun tí o sọ sí mi létí. Ohun kan ṣoṣo tí mo máa ń gbọ́ fúnra mi ni "dáadáa ni, Bàbá, dáadáa ni." Ta ni kò mọ̀ pé "dáadáa ni" ni aṣọ tí àwọn ọmọ fi ń bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀? Ìwé ni mo fẹ́. Ìwé ni mo lè kà lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tó gbé mi dìde nìyí. Fọ́tò tí o fi sínú lẹ́tà tó kọjá, níbi tí o ti dé àkẹtẹ̀ líle bí igbá, tí iná ńlá kan ń jó lórí òpó lẹ́yìn rẹ. Mo fi han télọ̀ ìsàlẹ̀ ilé wa. Ó wò ó títí, ó mi orí, ó ní, "Bàbá Géèjì, epo rọ̀bì lèyí o. Epo àti iná kì í ṣe ọmọ ìyá." Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti gba ọ̀nà ọ̀fun mi dáadáa mọ́. O ní kọ̀ǹpútà lo ń tẹ̀. Kọ̀ǹpútà wo ló ń mú èèyàn dé àkẹtẹ̀ líle?

Jọ̀ọ́, dá mi lóhùn ìbéèrè mẹ́ta. Ibo gan-an lo ń jókòó sí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́? Kí lo ń ṣe níbẹ̀? Ẹ̀wù tó nípọn tí mo ní kí o rà, ṣé o ti rà á? Má wá dáhùn ti ẹ̀wù nìkan.

Bàbá rẹ,
Bàbá Géèjì


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ má bínú sí mi. Iṣẹ́ ló gbé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà mì. Ẹ sọ fún télọ̀ kó máa rán aṣọ rẹ̀ jẹ́ẹ́. Gáàsì ni wọ́n ń sun nínú fọ́tò yẹn, mo sì jìnnà sí i ju bí ilé wa ṣe jìnnà sí títì lọ. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n kó wa lọ wo ibẹ̀, wọ́n sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé láìdé àkẹtẹ̀.

Ibi tí mò ń jókòó sí rèé: àjà kẹta, yàrá onífèrèsé méjì, tábìlì mẹ́fà, ẹ̀rọ tíì kan tí tíì rẹ̀ kì í gbóná tó. Tábìlì mi wà létí fèrèsé kejì. Lápá ọ̀tún mi ni Àǹtí Sùúrù, ìyá kan tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ogún ọdún, tí a sọ lórúkọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé kì í kánjú. Ọ̀gá wa, tí a ń pè ní Onígíláàsì lẹ́yìn rẹ̀, ní yàrá tirẹ̀ tí wọ́n fi dígí ṣe, ibẹ̀ ló ti ń wò wá.

Ohun tí mò ń ṣe wá ńkọ́? Bàbá, epo rọ̀bì kì í wà nínú ihò bí omi inú àmù. Inú òkúta ló wà, bí omi ṣe ń wà nínú kànrìnkàn, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta mítà nísàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè lọ wò ó. A wá ní sọ́fítíwia kan tí a fi ń kọ́ irú òkúta náà sínú kọ̀ǹpútà. A ó gé e wẹ́wẹ́ bí kóró ṣúgà, ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kóró, a ó sì fún kóró kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà: bí àyè tó wà nínú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, bí epo ṣe lè gba inú rẹ̀ kọjá tó. Kọ̀ǹpútà á wá máa ṣírò láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbẹ́ kànga àkọ́kọ́: epo tó jáde lóṣooṣù, gáàsì, omi, àti ìfúnpá, ìyẹn agbára tí abẹ́ ilẹ̀ fi ń ti epo sókè. Bí ohun tí kọ̀ǹpútà sọ bá bá ohun tí géèjì ti kọ sílẹ̀ láti ọdún wá mu, a jẹ́ pé a lè bi í nípa ọ̀la. Ibo ni ká tún gbẹ́ sí?

Mò ń kọ́ ọgbọ́n rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lóṣù àkọ́kọ́, mo fi mítà kọ jíjìn níbi tí sọ́fítíwia ti ń retí ẹsẹ̀ bàtà, ni epo tó wà nísàlẹ̀ pátápátá bá sún wá sókè bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ òfófó. Àǹtí Sùúrù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Òun ló wá kọ́ mi pé kí n kọ́kọ́ wo ohun tí a fi wọn nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan kí n tó jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣírò ohunkóhun. Ó ní kí n fi kóró ńláńlá díẹ̀ dán an wò ná, nítorí àṣìṣe tó gba ìṣẹ́jú márùn-ún sàn ju èyí tó gba ọjọ́ méjì lọ. Kí n ṣe ẹ̀dà kí n tó fọwọ́ kan nǹkan. Kí n má yí ohun méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà, torí bó bá sàn, mi ò ní mọ èyí tó wò ó. Bí ẹ̀rọ bá ń wọ́ bí ìgbín, kí n má fi tipá lé e, kí n wá kóró tó ń dí i lọ́nà. Kí n sì ka ìkìlọ̀ tó ń kọ kí n tó wo àwọ̀ mèremère tó ń yà. Mo ní ìwé kan tí mò ń kọ gbogbo ìyípadà sí, ọjọ́ rẹ̀ àti ìdí rẹ̀, bí ìwé tí ẹ fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kọ nọ́ńbà géèjì sí ní ilé-iṣẹ́ omi. Bí mo bá ń kọ ọ́, mo máa ń gbọ́ ohùn yín: "Ẹnu lè parọ́, géèjì kì í parọ́."

Ohun kan ló ń dà mí láàmú. Kànga méjìlá la ní, mọ́kànlá ti bára mu. Kànga Keje kọ̀ jálẹ̀. Ìdánwò oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi gbà mí, ó máa parí ní òpin oṣù kẹfà, ọ̀gá sì fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ bára mu kí ìgbìmọ̀ tó ń pinnu ibi tí wọ́n á gbẹ́ sí tó jókòó ní oṣù karùn-ún. Ẹ máa gbàdúrà fún mi.

Mo ti ra ẹ̀wù náà. Ó wúwo jù mí lọ.

Ọmọ yín,
Ìyá yín Kékeré


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta

Ìyá mi kékeré,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, ọkàn mi balẹ̀ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Àjà kẹta, fèrèsé, tíì tí kò gbóná, gbogbo rẹ̀ dára. Mo kà á fún télọ̀, ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ọ́fíìsì ni," bí ẹni pé òun kọ́ ló dá jìnnìjìnnì sílẹ̀.

Mo wá dé ìsàlẹ̀ ìwé, ibẹ̀ ni o fi ọ̀rọ̀ ìdánwò pamọ́ sí, bí ẹni tó fi ẹ̀gún sábẹ́ ẹní. Ìdánwò báwo? Bí wọn kò bá gbà ọ́ síṣẹ́, ṣé wọ́n á ní kí o kúrò nílùú wọn ni? Ta lo mọ̀ níbẹ̀? Kí ló dé tí o fi pẹ́ tó báyìí kí o tó sọ fún mi? Ẹ̀gbọ́n rẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, mo rí i lójú rẹ̀ nígbà tí mo bi í. Ẹ̀yin ọmọ méjèèjì ti sọ mí di ẹni tí wọ́n ń pa ìròyìn mọ́ fún. Mi ò tíì darúgbó tó bẹ́ẹ̀.

Ó dáa, jẹ́ ká sọ ti Kànga Keje. Ìwé mẹ́wàá péré ni mo kà, mi ò mọ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n mo mọ géèjì. Kọ̀ǹpútà ń rò ó ni, géèjì rí i. Bí ẹni tó ń rò ó bá ń bá ẹni tó rí i jiyàn, ta ni wàá gbà gbọ́? Tẹ kọ̀ǹpútà náà lọ́rùn títí á fi gbà. Má ṣe bá géèjì jà. Kí o sì máa kí ọ̀gá rẹ kó tó kí ọ.

Fi nọ́ńbà kànga náà ránṣẹ́ sí mi kí n wò ó. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí nọ́ńbà tó ní láárí. Ẹ̀yìn páálí oògùn ni mò ń kà báyìí.

Bàbá rẹ,
Bàbá Géèjì


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí orúnkún yín. Ẹ má bínú pé mo pa ọ̀rọ̀ ìdánwò mọ́. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, ẹ ò ní sinmi. Ẹ wò ó báyìí, ẹ ò sinmi.

Mo ti ṣe ohun tí ẹ ní kí n ṣe. Nínú kọ̀ǹpútà, ìfúnpá Kànga Keje ń lọ sílẹ̀ lóṣooṣù bíi bọ́ọ̀lù tó ní ihò. Ìwé tó wá láti ibi iṣẹ́, níbi tí kànga wà gan-an, ní ó lọ sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó wá dúró gbagidi. Ọ̀gá ní ìyẹn túmọ̀ sí pé omi tó wà lábẹ́ epo ló ń tì í lẹ́yìn, àti pé ibẹ̀ ló dára jù láti gbẹ́ kànga tuntun sí. Mo bá fẹ ọ̀nà omi náà lójú nínú kọ̀ǹpútà. Mo sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kò tó. Ìlọ́po mẹ́wàá, kò tó. Nígbà tó di ìlọ́po ogójì, ìlà kọ̀ǹpútà àti ti géèjì wọnú ara wọn pátápátá. Ọ̀gá jáde wá láti inú dígí rẹ̀, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ló máa gbé e síwájú ìgbìmọ̀. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kànga Keje.

Kí ló wá dé tí inú mi kò dùn? Àǹtí Sùúrù wá dúró lẹ́yìn mi, ó ní, "Ìfúnpá ti gbà fún ọ. Gáàsì ńkọ́?" Mo wò ó. Gáàsì tó ń jáde ní Kànga Keje ń pọ̀ sí i ni, bí ìgbà téèyàn ṣí ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ìgbà tí agbára bá dínkù ló máa ń hó. Gáàsì ń sọ pé ìfúnpá ń lọ sílẹ̀, géèjì ń sọ pé kò lọ. Àǹtí ní, "A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ìlọ́po ogójì. Òkúta wo nílé ayé ló rí bẹ́ẹ̀? O wọ̀ ọ́ láṣọ ni, o kò wò ó sàn." Mo lọ sọ fún ọ̀gá. Ó ní mítà gáàsì ni kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Ọ̀rọ̀ yín ni mo dúró lé. Géèjì kì í parọ́, àbí?

Nọ́ńbà tí ẹ béèrè rèé, ìfúnpá Kànga Keje lóṣooṣù, láti oṣù kẹta èṣí títí di oṣù kejì tó kọjá yìí: 3,012, 2,968, 2,931, 2,887, 2,846, 2,846, 2,846, 2,846, 2,846, 2,846, 2,846, 2,846.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Mo gba lẹ́tà rẹ ní ọjọ́ kẹsàn-án. Mo ti rí nọ́ńbà náà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ti pààrọ̀ táyà ọkọ̀ rẹ̀. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, òrùlé sì ń jò lápá ilé ìdáná, a gbé garawa síbẹ̀. Télọ̀ kí ọ.

Ní ti nọ́ńbà yẹn, o lè béèrè ẹni tó kọ ọ́. Ojú ń dùn mí, mi ò ní lè kọ púpọ̀. Máa jẹun dáadáa.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹta, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀. Kí ni mo ṣe? Láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí, ẹ ò kọ lẹ́tà tí kò kún ojú ìwé méjì rí. Èyí kò kún ìdajì. Ẹ ò bú mi, ẹ ò bi mí léèrè ẹ̀wù, ẹ ò fi Bàbá Géèjì sí ìsàlẹ̀ ìwé. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní ẹ kì í sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ télọ̀ mọ́, pé ẹ kàn máa ń jókòó ti àpótí ìwé yín àtijọ́. Ṣé àìsàn ni? Ẹ má fi pamọ́ fún mi. Ẹ̀yin lẹ bá mi wí lórí ìfipamọ́.

Mo fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí yín, nọ́ńbà tí ẹ fẹ́ràn ju ẹran lọ, ẹ sì gbójú kúrò lára rẹ̀. "Béèrè ẹni tó kọ ọ́." Kí lẹ ní lọ́kàn? Mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá, ojú rẹ̀ le. Ó ní ṣé mo fẹ́ fi ẹ̀sùn irọ́ kan àwọn tó wà níbi iṣẹ́ ni, èmi tí ìdánwò mi kò tíì parí. Mo padà sídìí tábìlì mi.

Bàbá, ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló kù kí ìgbìmọ̀ jókòó. Bí wọ́n bá gbẹ́ kànga yẹn tí kò sí nǹkan níbẹ̀, ìlọ́po ogójì tí mo fọwọ́ ara mi kọ ni wọ́n á tọpasẹ̀ rẹ̀ dé. Bí mo bá sì ní kí wọ́n dúró láìní ẹ̀rí, wọ́n á ní kí n máa lọ sílé. Bí ẹ bá mọ nǹkan kan, ẹ sọ ọ́ fún mi.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìlá, oṣù karùn-ún

Ìyá mi kékeré,

Àwọn tó ń fi ọkọ̀ òfuurufú kó ìwé kíákíá ni mo ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ gbé èyí fún. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì ni, kò ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti ń ka ọjọ́. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù, nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń bá mi gbọ́ ọ, mi ò sì tíì lè sọ ọ́ níwájú òun náà. Jókòó kí o tó kà á.

Nígbà tí mo rí nọ́ńbà rẹ, mi ò tiẹ̀ nílò gíláàsì. 2,846 lẹ́ẹ̀mẹjọ. Mo mọ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Mo ti bí irú rẹ̀ rí.

O rántí ọdún tí o wà ní kíláàsì kẹta. Iṣẹ́ mi ni láti gun àkàbà táǹkì ńlá láràárọ̀, kí n wo ibi tí omi dé, kí n sì kọ ọ́ sínú ìwé. Lọ́dún náà, ọ̀sẹ̀ méje gbáko ni mi ò fi gùn ún. Mò ń dúró nísàlẹ̀, mò ń kọ mítà mẹ́rin àbọ̀. Lọ́jọ́ kejì, mítà mẹ́rin àbọ̀. Ìwé mi mọ́ tónítóní. Ọ̀gá tiẹ̀ yìn ín. Omi ń lọ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ tó ń fa omi láti inú táǹkì náà fa afẹ́fẹ́, ó gbóná, ó jóná. Àdúgbò mẹ́ta kò rí omi fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Wọ́n wá ṣèwádìí, wọ́n ṣí ìwé mi, ìwé ní omi wà. Wọ́n ní a jẹ́ pé ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ ló sùn lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n lé Alápọ́ńpù lọ, ọkùnrin tí a jọ ń jẹun nínú abọ́ kan. Mo dúró níbẹ̀. Mi ò sọ nǹkan kan.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ pé géèjì kì í parọ́. Òótọ́ ni, kì í parọ́. Ẹni tó ń kọ ọ́ ló ń parọ́. Mò ń fi gbólóhùn yẹn ti ilẹ̀kùn, ìwọ gbé e lọ sókè òkun, o fi kọ́lé. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ti lọ fún mọ́kànlélógún. Ó ti fi ọdún kan ju òwe lọ.

Gbọ́ ohun tí mo mọ̀ báyìí, torí kò sí ẹni tó máa kọ ọ́ sínú ìwé sọ́fítíwia fún ọ. Géèjì tó wà láàyè máa ń gbọ̀n. Nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ kì í dúró sójú kan, àní bí omi bá dúró. Bí o bá rí nọ́ńbà kan lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀léra, fura. Bí o bá rí i lẹ́ẹ̀mẹjọ, má fi kọ̀ǹpútà rẹ bá a mu, lọ wá ẹni tó kọ ọ́. Wo gbogbo kànga bẹ́ẹ̀ kí o tó tẹ bọ́tìnì kankan. Bí géèjì méjì bá ń bá ara wọn jiyàn, bíi ti ìfúnpá àti gáàsì yẹn, má yan èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọ̀kan nínú wọn ti kú, wádìí èyí tó kú.

Nígbà tí o bá sì rí ẹni tó kọ ọ́, má bi í pé ṣé ó parọ́. Á ní rárá. Èmi náà ì bá ní rárá. Bi í pé báwo ni àkàbà ṣe rí.

Mi ò ní sọ ìdí tí mo fi ṣe tèmi. Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mò ń wí àwáwí. Bí o kò bá fẹ́ kọ̀wé sí mi mọ́, mo gbà.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, mi ò sì tíì dìde.

Lẹ́tà yín dé ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Mo kà á nínú yàrá ìpamọ́ ìwé, láàárín àpótí bébà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí ojú mi. Lọ́jọ́ kejì mo pe ibi iṣẹ́ tí kànga wà. Bàbá àgbàlagbà kan ló gbé e, òun ló ń ka géèjì níbẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Mi ò pè láti bá yín jà. Mo kàn fẹ́ mọ bí àkàbà ṣe rí lọ́dọ̀ yín."

Ó ní, "Àkàbà kẹ̀?"

Mo ní, "Ohun tó wà láàárín yín àti géèjì Kànga Keje."

Ó wá rẹ́rìn-ín kékeré kan tí kò dùn. "Ọmọ yìí, ó pẹ́ kí ẹnì kan tó bi mí. Wáyà géèjì abẹ́ ilẹ̀ já ní oṣù kẹjọ. A ti kọ̀wé lẹ́ẹ̀mẹta pé kí wọ́n fún wa ní òmíràn. Wọ́n ní ó ń bọ̀. Fọ́ọ̀mù inú kọ̀ǹpútà yín yẹn kì í gbà ká fi àyè sílẹ̀ lófìfo. Bí o kò bá kọ nǹkan kan, kò ní lọ. A bá ń kọ èyí tó kẹ́yìn." Ó ní, "Ṣé wọ́n á lé mi ni?" Bàbá, ohùn rẹ̀ dà bíi tiyín.

Mo yọ nọ́ńbà méje tó jẹ́ àdàkọ. Mo mú ìlọ́po ogójì kúrò. Kò ṣòro, ẹ̀dà àtijọ́ wà níbẹ̀, ìwé mi sì sọ ọjọ́ àti ìdí. Mo ní kí ẹ̀rọ tún un ṣírò. Ìfúnpá wá sọ̀ kalẹ̀ dé bíi 2,560, ìlà gáàsì sì lọ jókòó sórí ti mítà láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kàn án. Àǹtí Sùúrù wò ó, ó lọ gbé tíì wá fún mi. Omi kankan kò ti epo lẹ́yìn níbẹ̀. Ibẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ.

Ó wá ku kí n sọ fún ọ̀gá. Ó ku ọjọ́ kan kí ìgbìmọ̀ jókòó. Mo tẹ ìlà tuntun náà sórí bébà, mo gbé e lọ bá a nínú dígí rẹ̀. Ó ní, "Ṣé ìwọ kọ́ lo bá a mu ni?" Mo ní, "Èmi ni, sà. Tipátipá ni mo fi bá a mu." Mo ní kó má ka bàbá yẹn sí ẹlẹ́bi, pé ó kọ̀wé lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gbé fóònù, ó pe ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó dìde níwájú ìgbìmọ̀, ó ní wọn ò gbọdọ̀ gbẹ́ nǹkan kan títí wọ́n á fi sọ géèjì tuntun sínú Kànga Keje. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Láàárọ̀ yìí ló gbé ìwé kànga mọ́kànlá yòókù sórí tábìlì mi. Ó ní, "Wo àkàbà wọn." Ó bi mí pé ta ló kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ní bàbá mi ni, ẹni tó fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ka géèjì.

Iṣẹ́ tó gbé fún mi á gbà tó oṣù mẹ́rin. Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ló kù nínú ìdánwò mi. Kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí láti béèrè.

Bàbá, ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe, ẹ ò sọ ìdí. Èmi rántí ọdún náà. Ọdún tí Màmá dùbúlẹ̀ ni. Ẹ gbà mí láyè kí n bi yín ní ìbéèrè tí ẹ kọ́ mi. Báwo ni àkàbà ṣe rí?

Ọmọ yín,
Ìyá yín Kékeré


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹfà

Ìyá mi kékeré,

Mo kí ọ. O kọ̀wé sí mi. Mo ka ìlà àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí n tó lọ sí ìkejì. Jọ̀ọ́, dìde lórí ìkúnlẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ tutù.

Àkàbà náà ní ìgbésẹ̀ méjìlélógún. Ìpata ti jẹ ìkẹrìnlá, ìkẹẹ̀ẹ́dógún àti ìkejìdínlógún. Mo fi ẹnu sọ ọ́ fún ọ̀gá lẹ́ẹ̀mejì, mi ò kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sọ fún mi pé ìyá yín kò ní dìde mọ́, mo gùn ún dé ìkẹrìnlá, ó mì, mo wo ìsàlẹ̀. Mo ní bí mo bá já bọ́, ta ló kù fún àwọn ọmọ méjì yìí? Mo sọ̀ kalẹ̀. Mi ò gùn ún mọ́. Òun nìyẹn.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, mo ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé mi lọ sílé Alápọ́ńpù. Mo ti sọ ohun gbogbo fún un lójú ọ̀nà. Ó kàn rọra ń wakọ̀. Alápọ́ńpù ti hu ewú. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Bàbá Géèjì, ṣé mítà mi lo wá kà?" Mo rò ó fún un níbi tí mo dúró sí, torí mo mọ̀ pé bí mo bá jókòó, mi ò ní lè sọ ọ́.

Ó ní, "Mo mọ̀. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n lé mi, mo lọ wo àkàbà yẹn. Alántakùn ti ta owú sí i láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Kò sẹ́ni tó ti gùn ún."

Mo ní kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, "Ìyàwó rẹ ń kú lọ. Mo ní bó bá yá, wàá wá sọ ọ́ fúnra rẹ. Mi ò mọ̀ pé á tó ọdún mọ́kànlélógún."

Kò sọ pé òun dárí jì mí. Ó ní kí n padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀, kí n wá tún un sọ níwájú àwọn ọmọ òun, tí wọ́n dàgbà sínú ọ̀rọ̀ pé bàbá àwọn sùn lẹ́nu iṣẹ́. Mo ní màá wá. Ọ̀túnla ni Sátidé náà. Ẹ̀rù ń bà mí, Ìyá mi. Ó ń bà mí ju ti àkàbà lọ.

Ìdánwò rẹ náà ń bà mí lẹ́rù. Lọ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ. Kí o kọ ohun tó bá sọ fún mi bó ṣe sọ ọ́ gan-an, kì í ṣe "dáadáa ni."

Láti ọ̀sẹ̀ yìí ni mo ti ń fi ọ̀pá wọn omi inú dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìnkùlé láràárọ̀, kí ọwọ́ mi má bàa gbàgbé iṣẹ́. Ó rèé ní sẹ̀ǹtímítà:

Ọjọ́ Ajé: 61.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: 58.
Ọjọ́rú:
Ọjọ́bọ̀: 66, òjò rọ̀.

Ní Ọjọ́rú, orúnkún kò jẹ́ kí n dé ẹ̀yìnkùlé. Mo fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

Bàbá rẹ,
Bàbá Géèjì